Nọ́ńbà Kìíní Lẹ́nu Ọ̀nà Papa Joachim

Ọkùnrin kan jókòó síbi tí Noëlle máa ń jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó ń jẹ iṣu sísun bí ẹni tó wà nílé bàbá rẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú lórí òkè Atakpamé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tó ń bọ̀ láti Lọmé máa bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin gbáko, kò sẹ́ni tó tíì ṣáájú Noëlle dé ẹnu géètì pápá bọ́ọ̀lù yìí. Òun ló ni ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Òun ló ń fi bírò kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá dé, kí ìjà má baà sí nígbà tí géètì bá ṣí. Nọ́ńbà kìíní, tiẹ̀ ni. Ẹ bi gbogbo ìlú léèrè!

"Ẹ káàárọ̀ o. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, èmi ni mo ni ín."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo ògiri. "Mi ò kúkú rí orúkọ yín níbẹ̀."

"Ṣé ẹ wá fẹ́ràn gìtá tó báyìí ni?"

"Gìtá kẹ̀? Irin ni mo wá wò."

Arsène lorúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ kan lábúlé Akparé. Irin ló ń jó pọ̀ ṣe géètì àti fèrèsé nínú ìlú. Òun ló sì jó ọgbà irin gígùn tí wọ́n gbé síwájú pèpéle kí èrò má baà ya lu àwọn olórin. Ó fẹ́ wà níwájú pátápátá, kó fojú ara rẹ̀ rí i bóyá iṣẹ́ ọwọ́ òun máa dúró.

Inú bí Noëlle, àmọ́ òfin ìlà ò mọ ojú. Ó kọ 1 sẹ́yìn ọwọ́ Arsène, ọwọ́ tí iná iṣẹ́ ti dá lápá, ó sì kọ 2 sí tiẹ̀. Ó dùn ún dénú egungun.

"Má bínú, Nọ́ńbà Kejì," Arsène wí, ó bu iṣu fún un.

"Ta lò ń pè ní Nọ́ńbà Kejì?" Ṣùgbọ́n ó gba iṣu náà, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ìlù àti gìtá bú jáde, èrò ya síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Noëlle fi àyà gún irin. Irin ò mì. Arsène ò wo olórin kankan, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sójú ibi tó ti jó irin pọ̀.

"Ó dúró!" ó pariwo. "Noëlle, ó dúró!"

Orí Noëlle wú bí ẹni pé òun ló jó irin náà. Òun tí kì í gbójú kúrò lára onígìtá, ó wo ojú ajórin títí orin kan fi parí. Ibẹ̀ nìfẹ́ ti wọlé.

Ọdún méjì ni wọ́n fi jọ ń tò sílà. Ìgbà tó yá, Arsène ní òun máa rán àbúrò bàbá òun sí Papa Joachim, bàbá Noëlle, láti tọrọ rẹ̀ fún ìyàwó.

Háà, Papa Joachim! Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, kò sí ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu ju "ẹ padà wá lọ́la" lọ. Eric ló fẹ́ kó fẹ́ ọmọ òun, Eric olówó oṣù, Eric onímọ́tò.

"Ajórin! Ẹni tó ń jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu géètì torí orin aláriwo!"

"Papa, èmi náà ń jókòó níbẹ̀."

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Arsène ní kí àwọn sá lọ sí Lọmé. Noëlle mi orí. "Èmi kì í ṣe olè. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo máa gbà lọ sílé ọkọ. Bí Papa ò bá gbà, mi ò lọ."

Papa ò sọ pé òun ò gbà. Ó ní kí wọ́n padà wá ní Sátidé. Sátidé pé, ó tún sún un síwájú. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí Arsène àti Eric wá lọ́jọ́ kan náà, láago méje, ó wá ti ilẹ̀kùn pa. Ẹni tó bá rẹ̀ á lọ. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń fi omi dẹ́rù ba ẹja?

Eric dé, ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé, ó bá tiẹ̀ lọ. Oòrùn kan àtàrí. Bàbá Aymar, àbúrò bàbá Arsène, nu òógùn, ó ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Òun àti Arsène ò dìde lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé.

Aago mẹ́rin lù, Papa ṣílẹ̀kùn. "Ẹ ṣì wà níbí?"

"A wà níbí, Papa. Ẹ kú ìsinmi o."

Ojú Papa bọ́ sẹ́yìn ọwọ́ Arsène. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Nọ́ńbà mi ni, Papa. Èmi ni ìkejì."

"Eric ti lọ. Ta wá nìkíní?"

Lábẹ́ fèrèsé gan-an, níbi tí ẹni tó ń yọjú látinú ilé ò lè rí, Noëlle dìde. Eruku bò ó, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó na ọwọ́ sókè.

"Èmi ni, Papa. Aago mẹ́fà ni mo ti wà níbí. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín tóbi ju ti gbogbo wọn lọ, ó yẹ kí n ṣáájú."

Papa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Lọ́dún méjìlélọ́gbọ̀n, ó ti rí ẹni tó bú u, ó ti rí ẹni tó lọ tìbínú-tìbínú. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó títí fèrèsé fi ṣí, tó sì kí i dáadáa, kò dá irú wọn padà rí; ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bíi ti ọjọ́ iṣẹ́.

"Nọ́ńbà kìíní, wọlé." Ó wo Arsène. "Nọ́ńbà kejì, kí lò ń wò? Mú bàbá rẹ dání, kẹ́ ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

Noëlle di ọwọ́ Arsène mú, ó gbé orí sókè, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.