Òfin Tí Bàbá Morádéyọ̀ Dá Lábàá

"Àgbékẹ́ ni ìwé náà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́," ni Bàbá Akínwùmí wí bó ti ń ṣí fìlà rẹ̀. Ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkàwé tí àwọn ará Bẹẹrẹ dá sílẹ̀ ló ti ń bọ̀. "A ti gba káàdì rẹ̀. Òfin ò mojú."

Òkèlè tó wà lọ́wọ́ Morádéyọ̀ ọmọ rẹ̀ kò lè dé ẹnu mọ́. Òun ló fa ewé mẹ́ta ya nínú ìwé náà kí Àgbékẹ́ tó yá a, nítorí ó sú u láti jókòó da àwòrán inú rẹ̀ kọ. Kò sẹ́ni tó rí i.

"Bàbá, ṣé Àgbékẹ́ jẹ́wọ́ ni?"

"Rárá o. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ibi tó ya han olùtọ́jú ìwé, ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dá òfin náà lábàá: ẹni tí ìwé bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kò ní yá òmíràn fọ́dún kan. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ torí ọ̀rẹ́ ọmọ mi, kí ni aráyé máa wí?"

Ọ̀rọ̀ kún Morádéyọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń rò. Ó ṣanwọ́, ó dìde nídìí oúnjẹ láìjẹ́wọ́.

Ìyá Àgbékẹ́ ti ń ṣàìsàn tipẹ́ ní Bẹyẹrúnkà. Ọmọ náà kì í ráyè lọ jókòó sí ilé ìkàwé. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá rẹ̀ ló ti ń kàwé. Káàdì tí wọ́n gbà yẹn, ìwé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Nígbà tó pàdé Morádéyọ̀ nísàlẹ̀ òkè Mápó, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Bàbá. Wọn ò tilẹ̀ bi mí léèrè."

Morádéyọ̀ ní òun á bẹ̀ wọ́n. Kò bẹ̀ wọ́n.

Èsì ìdánwò àṣekágbá jáde. Morádéyọ̀ yege, Àgbékẹ́ fìdí rẹmi. Ọjọ́ náà ni Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, tó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Bàbá kò nà án. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà," ló wí. "Èmi ni, ọmọ mi. Èmi ni."

Ó rò ó fún ìgbìmọ̀ láìfi ọ̀kan pè méjì. Wọ́n tún òfin ṣe: a ó máa yẹ ìwé wò kó tó jáde, a kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni níyà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọ́n gba káàdì Morádéyọ̀, wọ́n ní kó dá ti Àgbékẹ́ padà fún un. Bàbá Akínwùmí fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró.

Àgbékẹ́ ti wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ l'Ọ́jẹ̀ẹ́ nígbà náà, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ títà. Morádéyọ̀ mú káàdì náà lọ bá a, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ìsọ̀.

"Mo ti gbọ́," ni Àgbékẹ́ wí. Kò gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń ká. "Gbé e síbẹ̀. Ọwọ́ mi dí."

Bó ti ń darí relé ló yé Morádéyọ̀: bí òfin bá wọ́, ìgbìmọ̀ lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀bi tí a bò mọ́lẹ̀ bá bàjẹ́ láyé ẹlòmíràn, ẹ̀bẹ̀ kì í sábà tún un ṣe. Àtètèjẹ́wọ́ ló dára.