Ohùn Tó Jọ Ti Màmá

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú oríire o!"

Adúmáadán gbé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ nàró. Fóònù ìyá rẹ̀ ló wà létí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́, ariwo omi ò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan kan. Akọ̀wé ọ̀gá àgbà ló ń pè láti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì rò pé màmá ló gbé fóònù. Kò yani lẹ́nu: ohùn ìyá àti ọmọ jọra bí ìbejì.

"Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe aṣojú àgbà, mà. Ọ̀gá kàn ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹ ṣì ń lọ, kí ìwé tó lọ fún ìbuwọ́lù lọ́sàn-án yìí."

 Ọdún méjìlélógún ni ìyá Adúmáadán ti wà lẹ́nu iṣẹ́ aṣojú ìjọba. Ẹ̀yìn fèrèsé tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì ti fò ó kọjá tí wọ́n fi ọkùnrin ṣe aṣojú àgbà. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri ilẹ̀ òkèèrè ni Adúmáadán, tí bàbá rẹ̀ ti kú, ń tẹ̀ lé e. Ilé ìwé márùn-ún ló ti lọ. Nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, "Àlejò" ni wọ́n ń pè é. Nínú karùn-ún yìí, nígbà tí wọ́n padà sílé, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wọ́n, ìdánwò àṣejáde sì ku oṣù mẹ́sàn-án.

Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé mi ò lọ mọ́."

"Mà? Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Kí wọ́n fún ẹlòmíì."

Ó pa fóònù, ó pa àmì ìpè náà rẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde tó bi í pé ta ló pè, ó ní, "Wọ́n ṣi nọ́ńbà ni."

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ wọlé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Kò bọ́ bàtà. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Wọ́n ní mo kọ̀ ọ́," ó wí. "Wọ́n ní ẹnu ara mi ni mo fi kọ̀ ọ́. Àǹtí rẹ tá a jọ ń lo ọ́fíìsì ni wọ́n fún. Òun ló rán ẹnì kan pè wọ́n, mo mọ̀! Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Omi kàn ń bọ́ lójú ẹ̀."

 Àǹtí yìí ló gba Adúmáadán sílé nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀. Kò rò ó rí pé ẹlòmíì máa jìyà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó kúnlẹ̀. "Màmá, kì í ṣe Àǹtí. Èmi ni mo gbé fóònù yẹn."

Ìyá rẹ̀ ò pariwo, kò sì nà án. 

"Ìwọ? Ọmọ tí mo bí?"

"Mi ò fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé mọ́. Ó ti sú mi."

Ìyá rẹ̀ fa ìwé kan yọ nínú báàgì. "Kà á."

Lẹ́tà tí ìyá rẹ̀ kọ sí ọ̀gá àgbà lóṣù méjì sẹ́yìn ni. Ó bẹ̀bẹ̀ pé bí ipò náà bá kan òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró ọdún kan, kí ọmọ òun lè ṣe ìdánwò láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "A gbà."

Adúmáadán kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìwé náà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ kó dájú ná. Ìwọ ńkọ́, kí ló dé tó ò bi mí?"

Adúmáadán mú ìwé náà nílẹ̀, ó dá a padà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì dúró níwájú ọ̀gá àgbà, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun. Adúmáadán sọ gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ bẹ Àǹtí, tí ọ̀gá ti ránṣẹ́ pè, títí. Àǹtí ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò jókòó tì í bíi tàtẹ̀yìnwá.

"Wọ́n ti buwọ́ lùwé. A ò lè dá a padà," ni ọ̀gá wí. Ó kọjú sí Adúmáadán. "Ọmọ mi, iṣẹ́ aṣojú ni kó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Ìwọ lo ohùn ìyá rẹ, ìyá rẹ ò sì rán ọ níṣẹ́ kankan."

Àǹtí lọ ṣe aṣojú àgbà. Ìyá Adúmáadán padà sídìí tábìlì rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì. Adúmáadán yege ìdánwò rẹ̀, àmọ́ ayọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ lára.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ìrìn-àjò sú u. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fi irọ́ ṣe ìpinnu tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ jókòó ti òbí yín, kí ẹ sọ ọ́ lójúkojú. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń bá yín wá ojútùú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.