Pańpẹ́ Tí Gbádé Dẹ Sínú Ọjà Rẹ̀

Gbádé fi àgádágodo ìkọ̀kọ̀ sínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń tà, àgádágodo náà sì ti àkọsílẹ̀ ìtọ́jú Fatimah pa mọ́ nọ́ọ̀sì lójú lọ́jọ́ tó ń rọbí.

Gbádé kì í mutí. Kì í jalè. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀fà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ pé òun ń ṣègbé.

Ọdún méjì gbáko ló fi kọ ètò náà. Àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké ló kọ ọ́ fún, kí wọ́n lè máa kó ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún sínú kọ̀ǹpútà dípò káàdì tí ikán ń jẹ. Ó fún Àyànfẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dà kan kó máa fi han oníbàárà. Àyànfẹ́ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Poli, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ọ̀fà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Kò pẹ́ tí Gbádé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí kò tà á dé. Ó rí i ní Òjòkú. Ó rí i ní Ìlémọ̀nà. Ó wádìí, Àyànfẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, ètò Gbádé ló ń fi ṣe èènì fún un.

"Àyànfẹ́, ìwọ lo ṣe èyí fún mi?"

"Kí ló tó ìbínú níbẹ̀? Ṣebí tìẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ. Ẹní ra ata lásán ń gba èènì."

"Ọdún méjì mi lo fi ṣe èènì, àbí?"

"Ó tó, jàre. Ọlọ́run á fún ẹ ní òmíràn." Àyànfẹ́ sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn dun Gbádé ju olè náà lọ.

Ó wọlé lọ ṣe àgádágodo. Láti ọjọ́ náà, bí ètò rẹ̀ bá bá ara rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí Gbádé fi í sí, yóò ti gbogbo àkọsílẹ̀ pa, yóò sì ta fóònù Gbádé lólobó. Àfi kí onítọ̀hún pe Gbádé kó tó gba nọ́ńbà tí yóò fi ṣí i. Ó fi í sí ti gbogbo oníbàárà, títí kan àwọn tó sanwó. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ. Kì í ṣe ilẹ̀kùn ni Gbádé tì. Pańpẹ́ ló dẹ.

Mọ́mì Àrìnpé wà lára àwọn tó sanwó. Nọ́ọ̀sì ni, ó ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìjàgbó. Lọ́jọ́ kan, iná ìjọba ga lójijì, ó ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́. Atúnṣe kan yọ ibi tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó gbé e sínú òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Fatimah dé. Ó ń rọbí, ibà sì ti mú un débi pé ó ń sọ ìsọkúsọ.

"Mọ́mì, abẹ́rẹ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níjọ́sí," Rídwàn ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sílẹ̀. N ò mọ orúkọ ẹ̀."

Mọ́mì Àrìnpé tan kọ̀ǹpútà. Ohun tó rí kà ni: *Olè ni ọ́. Pe ẹni tó ni í.* Nọ́ńbà Gbádé wà nísàlẹ̀.

Ó pè é.

Ní Ọ̀fà, olobó ti ta Gbádé. Inú rẹ̀ dùn. Ó da ojú fóònù dé orí tábìlì, kò wo ẹni tó ń pè.

"Gbádé, fóònù ẹ ń ké," Àǹtí Fúnkẹ́ wí. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì fara kanra.

"Olè ni, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó jìyà díẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ pé olè ni?"

"Àgádágodo mi kì í purọ́."

"Hùn-ùn. Àgádágodo ti di wòlíì."

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Mọ́mì Àrìnpé pè. Kò lè fún Fatimah ní abẹ́rẹ́ kankan láìmọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tí wákàtí méjì kọjá, wọ́n gbé Fatimah sínú ọkọ̀, ó di ọsibítù ńlá. Fatimah yè é. Ọmọ inú rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó débẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mọ́mì Àrìnpé dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Gbádé. Kò pariwo.

"Mo sanwó fún ọ. Mo fọkàn tán ọ. Ìwọ lo ti àkọsílẹ̀ Fatimah pa mọ́ mi lójú, ọmọ inú rẹ̀ sì kú. Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Àyànfẹ́ ló fà á."

"N kò mọ Àyànfẹ́. Ìwọ ni mo mọ̀."

Gbádé kò lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Àǹtí Fúnkẹ́ ló wọlé tọ̀ ọ́.

"Wọ́n jà mí lólè, Àǹtí!"

"Wọ́n jà ẹ́ lólè lóòótọ́. Kí èèyàn ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Fatimah kì í ṣe ẹrù tìẹ. O ti ẹrù ẹlẹ́rù mọ́lé, o wá jókòó, ò ń gbádùn ìyà tó ń jẹ ẹni tí o kò mọ̀."

"Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń kọrin fún Ọlọ́run."

"Orin kì í gbani là. Wọ́n dalẹ̀ Jésù náà, ẹni tó bá a jẹun ló tà á. Kò dẹ pańpẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kú fún wọn, ó kú fún ẹ. Kúnlẹ̀. Sọ ohun tí o ṣe, má fi Àyànfẹ́ bò ó."

Gbádé kúnlẹ̀. "Olúwa, èmi ni mo ṣe é. Jésù, gbà mí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sunkún bí ọmọdé, ó sì dìde ní ẹni tuntun.

Ó lọ yọ pańpẹ́ náà níbi gbogbo. Ó ṣì ń fún ẹni tó bá sanwó ní nọ́ńbà tí yóò fi ṣí ètò náà, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ ní gbangba, àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì ní tì mọ́. Ó dárí ji Àyànfẹ́, kò sì tún fún un ní ẹ̀dà. Ó lọ jẹ́wọ́ nílé Rídwàn. Fatimah kò gbójú sókè. "Mo gbọ́," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá wọ́n ti dalẹ̀ rẹ. Bóyá ẹni tí ẹ jọ ń jẹun ló ṣe é. Ó dùn ọ́, a mọ̀. Kí lo wá ń fi ìrora náà ṣe? Ta ló ń jìyà rẹ̀? Má sọ pé ò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Má sọ pé ẹlòmíràn burú jù ọ́ lọ. Jésù Kristi ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀ tó bá jẹ́wọ́. Wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, má dúró kí inú rẹ kọ́kọ́ rọ̀.

Ọlọ́run dárí ji Gbádé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mọ́kànlá ni wàrà fi ń kán lọ́mú Fatimah, kò sì sí ẹni tí yóò mu ún.