Hóró Àlùbọ́sà Lórí Aṣọ Ẹ̀rínọlá

Kí Ẹ̀rínọlá tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin gíga kan ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n yọ ìbọn sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má dìde! Ẹ má gbọn aṣọ yín!"

Wọn ò tíì jìnnà sí garéèjì Ìkìrun tí ọkọ̀ fi já sí kòtò, tí bébà ọwọ́ ọkùnrin náà sì ya. Hóró dúdú wínníwínní ló dà sórí aṣọ aláwọ̀ òféèfèé tí Ẹ̀rínọlá wọ̀.

"Kí lèyí?"

"Àlùbọ́sà ni."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó ní àlùbọ́sà kéékèèké ni, irú èyí tí kì í tóbi ju àtàǹpàkò lọ, tó máa ń ta sánsán nínú ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òun ló fi hóró rẹ̀ ránṣẹ́ láti Kánò, òun sì fẹ́ wò ó bóyá yóò hù lẹ́yìnkùlé. Adéjàre lorúkọ rẹ̀. Iná sólà ló ń ṣe ní Ìkìrun, iṣẹ́ ló sì ń lọ ṣe ní Òkukù.

Ẹ̀rínọlá ṣa hóró náà lẹ́yọ lẹ́yọ sínú ańkáṣíìfù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Òkukù, níbi tí Ẹ̀rínọlá ń gbé, Adéjàre bu díẹ̀, ó dá ìyókù padà fún un.

"Èyí jẹ́ tiyín. Ẹ lọ gbìn ín."

"Mi ò mọ̀ ọ́n gbìn o."

"Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín, màá kọ́ yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ibi tí ẹ ń bọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn!"

Síbẹ̀, ó fún un.

Láràárọ̀, kí Ẹ̀rínọlá tó wọkọ̀ lọ sí Ìnísà níbi tó ti ń ṣe tíṣà, fóònù á ti dún. Kó tú ilẹ̀ náà kúnná. Kó má bo hóró jìn. Kó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó rí nǹkan tútù tín-ín-rín tó tẹ̀ kọdọrọ jáde nílẹ̀.

"Wọ́n ti hù! Adéjàre, wọ́n ti hù!"

"Ta lo pè ní Adéjàre?"

Ẹ̀rínọlá fọwọ́ bo ẹnu. "Ìwọ ni."

"Jọ̀ọ́, tún un pè."

Láti ọjọ́ náà, kò sí "ẹ" láàárín wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n bàbá Ẹ̀rínọlá, Bàbá Mákánjúọlá, jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ Aládùúrà ni Adéjàre, ojú rẹ̀ le.

"Aláṣọ funfun? Kí ọmọ díákónì máa rìn láìwọ bàtà lọ sílé Ọlọ́run? Kó má tẹ àgbàlá mi mọ́."

Ẹ̀rínọlá sunkún títí. "Mi ò ní jí ọ gbé lẹ́yìn bàbá rẹ," ni Adéjàre sọ fún un, "mi ò sì ní fi ọ́ sílẹ̀. A ó dúró ni, olólùfẹ́ mi."

Nígbà ọyẹ́, lẹ́yìn tí Ẹ̀rínọlá ti ṣí àwọn àlùbọ́sà náà lọ sórí ebè, iléèwé rẹ̀ ní kó lọ gba ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan ní Òṣogbo. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó máa fi agolo tí òun lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí wọ́n omi sí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì kọ nọ́ńbà Adéjàre sísàlẹ̀, bí wàhálà bá dé.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá ń kánjú lọ sí ìpàdé. Ó gbé odindi garawa omi, ó dà á lé àlùbọ́sà náà lórí gbuà! Ẹrẹ̀ gbé wọn, gbogbo wọn sùn sílẹ̀ gbalaja.

Bàbá dúró gbagidi. Láti ìgbà tí ìyá Ẹ̀rínọlá ti kú, kò gbọ́ kí ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú àgbàlá yẹn, àfi ìgbà tí nǹkan wọ̀nyí hù. Ó mú fóònù.

"Ìwọ Aládùúrà yìí, níbo lo wà?"

"Ìkìrun, sà."

"Máa bọ̀ kíá. Mo ti ba nǹkan jẹ́."

Ọ̀kadà já Adéjàre sílẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ló bá bọ́ bàtà tirẹ̀ náà. Wọ́n ń gbé àlùbọ́sà náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ wọn nídìí.

"Wọ́n á yè?"

"Púpọ̀ nínú wọn á yè, sà."

Ojoojúmọ́ ni Adéjàre ń wá lẹ́yìn náà. Nígbà tí Ẹ̀rínọlá dé lọ́jọ́ Ẹtì, ariwo àwọn méjèèjì ló pàdé lẹ́yìnkùlé.

"Omi yẹn ti pọ̀ jù, sà."

"Ta ló ń kọ́ ta? Mo ti ń dáko kí wọ́n tó bí ọ!"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀rínọlá. Bàbá yíjú sí i. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ pa á, òun ló jí i. Ẹni tó lè ṣe sùúrù fún ohun tó kéré tó yìí, á ṣe sùúrù fún ọmọ mi."

Ní oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ewé àlùbọ́sà wó, wọ́n sì fà á: ó pupa, ó ń dán, ó kún apẹ̀rẹ̀. Adéjàre mú ọwọ́ Ẹ̀rínọlá.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹ̀rínọlá ké "Bẹ́ẹ̀ ni!" débi pé obìnrin ilé kejì sáré yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ gbà wá o! Kí ló dé?"

Láti inú yàrá ni Bàbá ti dá a lóhùn, tòun tẹ̀rín: "Kò sí nǹkan kan, Màmá Ìníolúwa. Ọmọ mi ń lọ sílé ọkọ ni!"