Ajá Tó Ń Jẹ́ Kílókànyín

"Kílókànyín! Kílókànyín, ṣé mo ní kí o tọ̀ síbẹ̀ ni?"

Igbe Ọlámijùlọ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ọmọ ajá pupa kan ba mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tù àlùwàlá Ìyá Mukhtar, ìtọ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí ìdí kẹ́tù náà. Ajá ò wo ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pè é. Ńṣe ló tún tọ̀ kún èyí tó ti tọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Mukhtar ṣílẹ̀kùn. Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ojúlé rẹ̀ ló sì dojú kọ ti ìyá Ọlámijùlọ gan-an. Tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo kẹ́tù, ó wo ajá, ó wá wo ọmọbìnrin náà.

"Ọlámijùlọ, ta ni ò ń bi pé kí ló kàn án?"

"Ajá mi ni mò ń pè, mà. Orúkọ ẹ̀ nìyẹn."

"Hẹn-ẹn! Kẹ́tù tí mo fi ń ṣe àlùwàlá ni ajá ẹ tọ̀ sí lára, èmi náà lo tún ń bi pé kí ló kàn mí."

"Mi ò dárúkọ yín o, mà." Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ọmọ gidi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lábẹ́ ètè rẹ̀.

Ẹ má dá a lóhùn, irọ́ ló ń pa. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn àgbà wa a máa fi orúkọ ajá sọ òkò ọ̀rọ̀ lu aládùúgbò? Wọ́n á pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá wí á sì mọ ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Èkìtì ni Ọlámijùlọ ti kọ́ ọ, ó wá gbé e wọ ilé ojúlé mẹ́jọ ní Agége, níbi tí ẹni tó bá sín níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn á kí i pé pẹ̀lẹ́.

Síkẹ́ẹ̀tì ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, Ọlámijùlọ gbé síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀ lọ bá Ìyá Mukhtar pé kó bá òun gé e dé òkè orúnkún, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní SS2 ṣe ń wọ̀ ọ́. Ìyá Mukhtar ò gé e. Ó ká a dáadáa, ó sì gbé e lé ìyá Ọlámijùlọ lọ́wọ́. Tíṣà ni ìyá náà, ní Ọgbà. Ohun tí ojú Ọlámijùlọ rí lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló lè ròyìn ẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń di Ìyá Mukhtar sínú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Abdulkabir, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ọ̀rá kan, fún un ní ọmọ ajá tó ṣẹ́kù nínú èyí tí ajá wọn bí sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. "Máa gbé e lọ kíá," ni Abdulkabir sọ. "Ọ̀gá ti ní bí òun bá bá a níbí, májèlé ló máa jẹ." Ọlámijùlọ fi híjáàbù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wé e, ó gbé e dé ilé. Bó ṣe ń wọlé báyìí, Ìyá Mukhtar ní, "Ajá kẹ̀? Nínú ilé tí a ti ń kírun?"

Lójú ẹsẹ̀ ni orúkọ bọ́ sí Ọlámijùlọ lẹ́nu. Kílókànyín!

Ariwo Sátidé yẹn ló gbé Bàbá Àlàmú, onílé, jáde pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni Bàbá wí. "Ìwọ ọmọ yìí, o wo ilé mi yìí títí, kí lo rí níbẹ̀ tó jẹ́ pé èébú lo fi sọ ẹran ọ̀sìn ẹ?"

"Orúkọ lásán ni, sà."

"Kò burú. Mo fún ọ di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ọ́. Bí ajá yìí ò bá tíì máa gbọ́ ọ̀rọ̀, kó padà síbi tó ti wá."

Ìyá Mukhtar pòṣé. "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Á gbọ́, mà!" Ọlámijùlọ ò gbójú sílẹ̀. "Mi ò ní dá a padà kí wọ́n lọ pa á. Mi ò sì ní yí orúkọ ẹ̀ padà."

Ọmọ yìí ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Fèrè ilé iṣẹ́ ọ̀rá tó wà lẹ́yìn ilé wọn a máa dún ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń pààrọ̀ ara wọn. Bó bá ti dún, Ọlámijùlọ á fẹ́ mú ajá lọ sí ibi koríko lẹ́yìn ògiri. Ó kà á lórí fóònù ìyá rẹ̀ pé bí ọmọ ajá bá jí, bó bá sì jẹun tán, ìta ni kí èèyàn kọ́kọ́ mú un lọ.

Ṣùgbọ́n wàhálà ibẹ̀ ni pé kò lè mú un lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Bó bá ti rí i pé ilẹ̀kùn Ìyá Mukhtar ṣí díẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sókè: "Kílókànyín o! Ṣé o ò gbọ́ ni, Kílókànyín?" Ajá á sáré wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó tọ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó tọ̀ sí bàtà ayálégbé kan. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, orí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì ìyá rẹ̀ ló yàn láàyò. Ọlámijùlọ ti imú ajá bọ inú ìtọ̀ náà, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀ létí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń sá ìwé tó tutù sórí fèrèsé. "Jùlọ, agídí yẹn, tìẹ ni. Má kó o lé ajá lórí."

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà ti gbè sẹ́yìn Ìyá Mukhtar?"

"Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò mi ni mo gbè sí."

Fèrè ìrọ̀lẹ́ dún lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ọlámijùlọ dúró sẹ́yìn ilé, ó pe ajá. Ajá ba mọ́lẹ̀, ó ká ìrù mọ́ra, ó sì tọ̀ sí bàtà ilé ìwé Ọlámijùlọ. Ni gbogbo agbára ọmọ náà bá tán. Ó jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀la ni Jímọ̀ọ́. Ó rántí májèlé. Búrẹ́dì tó ń jẹ bọ̀ láti ilé ìwé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bù ú, ó sì nà án síwájú.

"Ó yá," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ó yá, wá jẹ ẹ́."

Ajá dìde. Ó ń ju ìrù, ó rìn wá, ó fi orí lé e lẹ́sẹ̀.

Ọlámijùlọ nu ojú. Ó rìn jìnnà díẹ̀. "Ó yá." Ajá tẹ̀ lé e. Ó lọ sí igun kejì. "Ó yá." Ajá sáré débẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ọlámijùlọ wá rọra pe orúkọ tó sọ ọ́, láìpariwo rárá: "Kílókànyín." Lẹ́ẹ̀kan náà, ajá tún ba mọ́lẹ̀, ìtọ̀ sì jáde.

Họ́wù! Ó wá yé ọmọ náà. Gbogbo ìgbà tó bá ń fún un lóúnjẹ, "ó yá" ló ń wí, pẹ̀lú ohùn tútù. Ajá ti rò pé orúkọ òun nìyẹn. Kílókànyín ní tirẹ̀, ìjà ni, igbe ni, ọwọ́ líle lẹ́yìn ọrùn ni. Orúkọ tó sọ ọ́ láti fi bá àgbà jà, ajá nìkan ni orúkọ náà ń lù. Ojú tì í gan-an.

Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò kọ́kọ́ gbà. Bó bá yí orúkọ padà, ṣé Ìyá Mukhtar ò ní máa yan kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé òun ti borí? Ó wo ọmọ ajá tó ń lá èérún búrẹ́dì nílẹ̀, tí kò mọ̀ pé ọ̀la lọjọ́ òun. Ó ní, "Kí wọ́n máa yan. Ìwọ ò ní kú nítorí ẹnu mi."

Fèrè àárọ̀ Jímọ̀ọ́ bá wọn lẹ́yìn ògiri. "Ó yá," ni ọmọ náà wí. Ajá gbóòórùn koríko, ó sì tọ̀ síbẹ̀. Ọlámijùlọ fún un ní búrẹ́dì, ó yìn ín bí ẹni yin ọmọ tó gba ipò kìíní. Ó padà wọlé, ó fi ízàl fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ látòkè délẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn Ìyá Mukhtar, ó sì kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹ̀rín lábẹ́ ètè.

"Irọ́ ni mo pa, mà. Kì í ṣe ajá ni mò ń pè, ẹ̀yin ni mò ń bú. Nítorí síkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

Ìyá Mukhtar wò ó títí. "Ṣé o rò pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ orúkọ ajá ni? Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹnu ẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ẹ ti gbọ́ ọ, mà. Ṣùgbọ́n ajá mi ò ní lọ o."

"Ẹ wo bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀!" Ó ti ilẹ̀kùn. Ọlámijùlọ ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì í.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àlàmú jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ayálégbé sì dúró yí ká. Ọlámijùlọ wà lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún pẹ̀lú ajá.

"Ó yá," ni Bàbá wí, "pè é ká wò."

Kí Ọlámijùlọ tó la ẹnu, ajá ti já kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó sáré tete, ó dúró níwájú Bàbá, ó gbójú sókè, ìrù ń jù fìrì. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi ló wá bá?"

"Orúkọ ẹ̀ lẹ pè, sà. Ó-yá ló ń jẹ́."

"Kílókànyín wá dà?"

"Mo ti sin ín, sà. Mo sì ti bẹ ẹni tí mo fi bú." Ó gbé orí sókè. "Orúkọ ni mo yí o, sà. Mi ò dá ajá padà. Bí ẹ bá ní kó lọ, mi ò ní yé bẹ̀ yín títí tí ẹ ó fi gbà."

Ìyá Mukhtar ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ fún un lóṣù kan. Mo wò ó láti fèrèsé láàárọ̀, ìta ló tọ̀ sí. Èmi á gbé kẹ́tù mi sórí àpótí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mo fún un lóṣù kan."

"Ṣùgbọ́n mi ò gé síkẹ́ẹ̀tì o," ni Ìyá Mukhtar fi kún un.

"Ẹ má gé e, mà. Ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ kó kúrú."

"Ọmọ yìí!"

Kí oṣù náà tó pé, Ó-yá ṣì ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀mẹta, Ọlámijùlọ sì nu ìtọ̀ náà láìpariwo. Lẹ́yìn náà, kò tọ̀ sínú ilé mọ́. Àbùkù kan ló kù: ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ "ó yá" nínú ilé náà, ajá ti dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, agídí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bó bá jẹ́ láti fi gba ẹ̀mí là. Ẹ ṣáà má fi bú àgbà, kẹ́ ẹ má sì fi pa irọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ọdẹ náà kọ́kọ́ tẹ́tí sí fèrè ara rẹ̀, bóyá èébú ló ń fọn.