Ẹni Tó Yọ Orúkọ Ara Rẹ̀

Ní posọ́fíìsì Ọ̀wọ̀ ni Kúlísúmù ti kọ́kọ́ rí Sylvanus, ní oṣù kẹta ọdún 1978. Àwọn méjèèjì tò síwájú akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà, kálukú pẹ̀lú àpòòwé ńlá lọ́wọ́. Kúlísúmù yọjú wo ti ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rí i pé ibì kan náà ni lẹ́tà àwọn méjèèjì ń lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àwọn oníròyìn yẹn ni ẹ̀yin náà ń wá?"

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. "Òun ni. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú ní ìpínlẹ̀ wa, tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. A jẹ́ pé ọ̀tá ni wá."

"Ẹ kú ọ̀tá o," ni Kúlísúmù wí, ni wọ́n bá jọ bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ni àwọn méjèèjì. Ìdógùn ni Sylvanus ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọ Kátólíìkì. Ọ̀wọ̀ ni Kúlísúmù wà ní tirẹ̀, ọmọ Àbúdùlàhí Kàsúmù, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí. Láràárọ̀, kí kálukú tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ti gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè lórí rédíò.

Láti ọjọ́ náà, Sylvanus bẹ̀rẹ̀ sí í wọ mọ́tò wá sí Ọ̀wọ̀ ní gbogbo Sátidé. Wọ́n á mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kálukú á kọ ọ́ bí oníròyìn, wọ́n á sì pààrọ̀ ìwé.

"O kọ 'ìbànújẹ́ ńlá' síbí," Sylvanus á wí, á sì fi báírò pupa fa igi lé e. "Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tó ń kà á banú jẹ́ fúnra rẹ̀."

Kí ó tó di oṣù kẹfà, ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

"Kúlísúmù, mo fẹ́ràn rẹ."

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ ti ń sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn òbí. Àbúdùlàhí dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró nígbà tó gbọ́. "Kúlísúmù, n ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n Kátólíìkì ni ọmọkùnrin yìí. Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ yín ní kéú?" Àbẹ̀ẹ́bí ìyá rẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ lọ ní tirẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ní Ìdógùn, Monica, ìyá Sylvanus, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ní ọmọ dáadáa ni Kúlísúmù, ṣùgbọ́n bí ó bá gba ọmọ òun lọ, ta ló kù fún òun?

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n pe àwọn méjèèjì sí Àkúrẹ́ láti wá dáhùn ìbéèrè. Ní oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà dé fún Kúlísúmù pé òun ni wọ́n mú.

"Èmi kò rí i gbà," ni Sylvanus wí. "Máa lọ, àyànfẹ́. Máa kọ̀wé sí mi."

Àbúdùlàhí jẹ́ kó lọ. Ó rò pé bí ọ̀nà bá jìn, ìfẹ́ ọ̀hún yóò rẹ̀ wọ́n.

Kò rẹ̀ wọ́n. Ọdún méjì ni Kúlísúmù fi kọ́ṣẹ́ náà, oṣù kan kò sì kọjá kí lẹ́tà má dé láti Ìdógùn. Nígbà tó parí, iléeṣẹ́ ìròyìn kan gbà á síṣẹ́, wọ́n ní lọ́dún tó ń bọ̀ àwọn yóò rán an lọ sí Nairobi.

Ìgbà náà ni lẹ́tà bàbá rẹ̀ dé. Láníyì, akọ̀wé kan láti Àkúrẹ́ tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà, ló wá rán agbádá ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tú àṣírí kan. Orúkọ Sylvanus ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Kúlísúmù ló ṣe ìkejì. Sylvanus fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé kí wọ́n yọ orúkọ òun.

"Ẹni tó fi irú ipò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ mi," ni Àbúdùlàhí kọ, "kí ni mo tún fẹ́ fi dù ú? Wá sílé, kí ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Inú Kúlísúmù kò dùn bí bàbá rẹ̀ ti rò. Ojú tì í. Láti ọdún méjì ló ti gbà pé òun ló peregedé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1981, ó dé Ọ̀wọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ ìtàn náà, tí wọ́n ń yin Sylvanus bí ẹni tó jagun ṣẹ́gun. Lọ́jọ́ kejì, Kúlísúmù wọ mọ́tò lọ sí Ìdógùn. Ó bá a níbi tó ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Inú Sylvanus dùn, ó dìde láti dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Kúlísúmù kò sún mọ́ ọn.

"Ta ló ní kí o fi ipò rẹ ṣe sàráà fún mi?"

Sylvanus tún jókòó.

"Kì í ṣe sàráà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ní Àkúrẹ́, wọ́n bi mí bóyá mo lè lọ síbi tí ogun ti ń jà. Mo dáhùn bí akọni. Ìgbà tí wọ́n wá mú mi, n ò lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Bàálù, òtútù, ogun, ìlú tí n ò mọ ẹnikẹ́ni. Ni mo bá kọ̀wé pé n ò lọ mọ́. N ò mọ̀ pé ìwọ ló ṣe ìkejì, àfi ìgbà tí lẹ́tà tìrẹ dé."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Wọ́n dì mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń sunkún. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ òótọ́. Ìyìn tí kì í ṣe tèmi ni mo ń gbà láti ọjọ́ náà."

Ó dun Kúlísúmù. Ìtàn ti àkọ́kọ́ dára ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọkàn òun fúyẹ́, nítorí kò sí oore tí òun yóò máa san títí ayé. Ó jókòó tì í.

"Lọ sọ fún bàbá mi."

"Wọ́n lè ní àwọn ò gbà mọ́."

"Mo mọ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, Sylvanus dọ̀bálẹ̀ níwájú Àbúdùlàhí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà tẹjú mọ́ ọn.

"O ò fi nǹkan kan sílẹ̀ nítorí ọmọ mi?"

"Rárá, Bàbá."

"Ojo ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Àbẹ̀ẹ́bí tí kì í dá sí i ló sọ̀rọ̀. "Bàbá Kúlísúmù, ta ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá jẹ́wọ́? Ojo ń ṣe irú ìyẹn ni?"

Àbúdùlàhí yíjú kúrò lọ́dọ̀ Sylvanus. "Mi ò ní gba ọ̀rọ̀ mi padà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má retí mi ní kọ́ọ̀tù."

Kò sì lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó, Àbẹ̀ẹ́bí àti Monica ló jókòó ti àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì jọ fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Sylvanus bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá kí òun má tẹ̀ lé ìyàwó òun lọ sí Nairobi, Monica ní, "Máa bá ìyàwó rẹ lọ. Agbára mi ò tíì tán."

Ní pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, òógùn bo iwájú orí Sylvanus. Kò wọ bàálù rí.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?" ni Kúlísúmù bi í.

"Ó ń bà mí gan-an."

"Ṣé ká padà?"

Ó wo bàálù náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Rárá. Ṣáà di ọwọ́ mi mú."

Kúlísúmù dì í mú. Wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn, kò sì fi í sílẹ̀ títí bàálù fi gbéra nílẹ̀.