Oṣù Tí Yésúfù Rí

"Yésúfù, ojú tìẹ ṣì dá ṣáṣá. Ṣé o rí i?"

Orí dẹ́kì mọ́sálásí kékeré kan ní Ìgàndó ni Bàbá Ládàánì ti bi ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀. Bàbá náà, tó ti ń pe ìrun ní mọ́sálásí ọ̀hún láti ọdún gbọọrọ, gbé ọwọ́ síwájú orí, ó ń wo ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ìkùukùu fẹ́lẹ́ ti bo ojú sánmà lókè àwọn táǹkì omi. Ó ní òun rí ohun kan tó tàn níbẹ̀ tó sì tún pa mọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n ń fẹ́, gbogbo ẹni tó wà lórí dẹ́kì ló sì mọ̀ pé bí ẹnì kejì bá ti lè lóun rí oṣù, ọdún di ọ̀la nìyẹn.

Yésúfù wo òkè títí. Ìkùukùu ló rí. Ó tún un wò, ìkùukùu náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ láti ọ̀sán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn sì ń fi ìgúnpá gún un pé kí ló ń dúró dè. Èyí tó le jù ni ojú tí bàbá àgbà fi ń wò ó, ojú ẹni tó ń wá alátìlẹ́yìn.

"Mo rí i, Bàbá," ni Yésúfù wí. "Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná."

Èékánná yẹn ló parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó purọ́ tó tún bá a wá àpèjúwe, ta ni yóò bá a jiyàn? Kí wọ́n tó kírun Mọ̀ǹgàríbì tán, ìròyìn ti gba àdúgbò pé oṣù ti lé.

Lọ́jọ́ kejì, jàmáà wọn ń jẹ ìrẹsì ọdún nígbà tí gbogbo mọ́sálásí láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún ṣì wà nínú ààwẹ̀, nítorí ìkéde ti jáde pé wọn kò rí oṣù níbì kankan. Àwọn ènìyàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ní oṣù tiwọn lọ́tọ̀. Bàbá Ládàánì kò kọbi ara sí wọn. Ó ní ojú òun lè tan òun jẹ, ṣùgbọ́n ẹnu Yésúfù kò lè tan òun, ọmọ tí òun fọwọ́ ara òun tọ́ ni. Nígbàkigbà tó bá ti wí bẹ́ẹ̀, oúnjẹ a sì di igi lẹ́nu Yésúfù. Bàbá tilẹ̀ fi ìpè ìrun ìrọ̀lẹ́ lé e lọ́wọ́, láti máa pè é nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Inú ọmọ náà dùn sí i, ojú sì ń tì í.

Nígbà tí oṣù mìíràn tún lé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àǹtí Títí gbé àgọ́ ńlá kan wá sí ilé-ìwé wọn. Àgọ́ náà rí roboto, atẹ́gùn ni wọ́n fi fẹ́ ẹ, ó sì kún inú gbọ̀ngàn. Pulanẹtéríọ́mù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àgọ́ ojú ọ̀run ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀, iná kú. Oòrùn inú àgọ́ wọ̀, àwọn ìràwọ̀ sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà lọ́gọ̀ọ́rọ̀, tó fi jẹ́ pé Richard tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sáàárín iná títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ pé gbogbo èyí wà lókè orí wọn lálaalẹ́.

Àǹtí Títí ṣàlàyé pé oòrùn àti oṣù ní ọ̀nà tí wọn kì í yà kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ òun lè fi ojú ọ̀run ọjọ́ tó ti kọjá hàn, bó ṣe rí gan-an ní ìlúkílùú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọjọ́ kan.

Mardiyah, àbúrò Yésúfù, ti nawọ́. Richard ti fi oṣù wọn ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú u. Ó ní òun fẹ́ rí ojú ọ̀run Ìgàndó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, kí gbogbo kíláàsì lè rí ohun tí bọ̀dá òun rí. Ẹ̀rù ba Yésúfù. Ó ń wá ibi tí yóò bá jáde, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀.

Ojú ọ̀run yí padà. Àǹtí Títí tanná sí ẹ̀gbẹ́ oòrùn láti fi ibi tí oṣù wà hàn wọ́n. Lójú gbogbo wọn, oṣù wọ̀, oòrùn sì tẹ̀ lé e.

"Oṣù ti lọ kí oòrùn tó lọ," ni Àǹtí Títí wí. "Kò sí ojú tó lè rí i ní Ìgàndó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ojú àṣá."

Ilẹ̀ inú àgọ́ ń ṣú, ohun kan ṣoṣo sì ń tàn ní ìwọ̀-oòrùn. Àǹtí Títí ní Àgùàlà nìyẹn, pé bí ìkùukùu bá bò ó fẹ́lẹ́, ẹni tó ń wá oṣù lè rò pé oṣù ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣebí àwọn àgbà ló sọ ọ́: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.

Mardiyah ní bóyá ẹ̀rọ náà ló ṣìnà. Àǹtí Títí kò bínú. Ó fi bí ojú ọ̀run yóò ṣe rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wà yẹn gan-an hàn wọ́n, oṣù tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú Àgùàlà lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní kí wọ́n jáde wò ó bí oòrùn bá ti wọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pe òun ní òpùrọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mardiyah fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun orí dẹ́kì. Bí wọ́n ṣe rí i nínú àgọ́ gẹ́lẹ́ ló rí.

"Bọ̀dá, kí lẹ rí lọ́jọ́ náà?" ni Mardiyah béèrè. Yésúfù yíjú sí ọ̀nà àwọn táǹkì omi. Mardiyah sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Yésúfù ìbá gbé e jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń jáde nílé-ìwé, ó ti gbọ́ tí Richard ń sọ pé ojú Bàbá Ládàánì ló ti bà jẹ́, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá tó kàn sọ pé òun rí ohun kan tó tàn, òun ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá bàbá níbi tó ti ń fi bútà ṣe àlùwàlá, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, n ò rí oṣù lọ́jọ́ náà. N ò rí nǹkan kan."

Bàbá gbé bútà sílẹ̀. "Èmi ńkọ́? Kí ni mo rí?"

Yésúfù di ọwọ́ rẹ̀ mú gun orí dẹ́kì, ó sì nàka sí Àgùàlà. Bàbá wò ó, wò ó.

"Òun nìyẹn," ló wí. "Àṣìṣe lèmi ṣe. Ìwọ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn méjèèjì dúró níwájú jàmáà. Bàbá sọ àṣìṣe rẹ̀, Yésúfù sọ irọ́ rẹ̀. Lèmọ́mù ní kí gbogbo wọn san ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà. Àwọn kan mí kanlẹ̀, àwọn kan pòṣé. Bàbá gba ìpè ìrun lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Bí Yésúfù bá ní òun ti fọ àwo, Mardiyah á lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló bẹ Àǹtí Títí pé kó gbé àgọ́ náà wá síwájú mọ́sálásí. Àwọn àgbàlagbà rá kòrò wọ inú rẹ̀ bí ọmọ kékeré, wọ́n sì jáde tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn nípa ọ̀nà tí oṣù ń gbà. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í gun dẹ́kì láìkọ́kọ́ mọ ibi tí Àgùàlà yóò wà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù Iléyá lé, wọ́n tún dúró lórí dẹ́kì. Àwọn ọ̀rẹ́ Yésúfù wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń retí.

"Yésúfù," ni Bàbá Ládàánì wí, "ṣé o rí i?"

Ó wò ó dáadáa. "N ò rí i, Bàbá. Àgùàlà nìkan ni mo rí."

"Èmi náà ò rí i. Ẹ jẹ́ ká ka oṣù yìí pé ọgbọ̀n ọjọ́." Bàbá yíjú sí i. "Lọ pe ìrun."

Bí Yésúfù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó yé e pé oṣù kì í tìtorí pé à ń dúró dè é kó yọ. Ohun tí a kò bá rí, ká ní a kò rí i, kódà bó bá jẹ́ ẹni tí a fẹ́ràn jù ló ń bi wá. Ó tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì gbé ohùn sókè.